Ilé Ìdáná Inú Báàgì

Kíláàsì kan náà ni èmi àti ọkọ mi jọ kà ní kékeré, bẹ́ǹṣì kan náà la sì jọ jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní "ìwọ" títí di òní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bínú sí mi títí ó fi sú u. Ẹni tí mo ti bá nu ikun nímú rí, ṣé nítorí pé ó fẹ́ mi ni kí n wá máa sọ "ẹ jọ̀ọ́, sà" fún un?

Ní ibi iṣẹ́, Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ibùdó tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Ọkọ̀ á gun orí irin pẹlẹbẹ ńlá kan tó wà lójú títì, bó ṣe wúwo tó á yọ lójú ẹ̀rọ nínú ọ́fíìsì, bó bá sì ti kọjá òfin, ọkọ mi á ní kí wọ́n já ẹrù sílẹ̀. Kò sí awakọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù tí kì í lọgun pé, "Bàbá, òṣùwọ̀n yín ti bàjẹ́!" Èsì kan ṣoṣo ni ọkọ mi ní fún gbogbo wọn: "Òṣùwọ̀n kì í parọ́. Ìwọ lo di ẹrù jù." Ó máa ń sọ ọ́ lójú oorun pàápàá.

Nígbà tó pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà di òṣùwọ̀n. Bí mo bá ra ẹran dé, á gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún, á dijú díẹ̀, á ní, "Alápatà ti rẹ́ ọ jẹ." Èmi á fìbínú gbé ẹran náà sórí òṣùwọ̀n kékeré tó wà nínú ilé ìdáná, ohun tó sọ náà ni. Inú máa ń bí mi! Èèyàn ò lè ra tòmátì wálé kó sinmi.

Òkè kan wà tó máa ń wò láti fèrèsé ọ́fíìsì yẹn. Ìdí òkè náà ni àwọn ọkọ̀ ti ń kó òkúta wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò débẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, ó nawọ́ sí i. "Tí mo bá ti fẹ̀yìn tì, èmi pẹ̀lú rẹ la máa gun òkè yẹn. A máa sùn sórí rẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, màá se tíì fún ọ, màá dín ẹyin fún ọ, a ó wá jókòó máa wo ọ́fíìsì yìí láti òkè, kí n rí bó ṣe kéré tó."

Ẹ̀rín pa mí. "Ìwọ? Ìwọ tí o ò mọ ibi tí ìṣáná wà nínú ilé?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn," ó ní. "Látìgbà tí a ti ń gbé pọ̀, ìwọ lò ń pọn ilé ìdáná kiri. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni màá pọ̀n ọ́n. Ìwọ kàn máa jókòó ni, wàá na ẹsẹ̀ rẹ."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó gbé ife tíì kan lé mi lọ́wọ́ rí láìjẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo sè é. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé abọ́ oúnjẹ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lóòótọ́, kò jẹ́ ká sinmi rárá tó fi fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan èlò àwọn tó ń gun òkè. Tapólì ọkọ̀ ẹrù ni èmi ń rán fún iṣẹ́, nítorí náà mo ti fi ọwọ́ ara mi rán àgọ́ wa. Aṣọ ọ̀rá fẹ́lẹ́ ni mo lò, tí mo bá ká a, ó ń wọ inú àpò ìrọ̀rí. Àgọ́ ni ìpín tèmi nínú ẹrù. Ilé ìdáná ni ìpín tirẹ̀, kò sì fẹ́ kí n dá sí i.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà, mo bá sọ ọ́ ní Onírùngbọ̀n. Ọkọ mi yọ ìkòkò irin mi kúrò nínú àpò, èyí tí mo fi ń se ìrẹsì fún gbogbo ilé, ó gbé e ka orí tábìlì. "Irú èyí la ní nílé," ó ní, "ṣùgbọ́n mo fẹ́ èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ díẹ̀."

Onírùngbọ̀n wo ìkòkò, ó wo wá. "Bàbá, ilé oúnjẹ lẹ fẹ́ lọ ṣí lórí òkè ni?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Onírùngbọ̀n wá jókòó, ó ń kọ́ wa bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó ní ohun tí èèyàn bá gbé nísàlẹ̀ tó dà bí ìyẹ́, tó bá fi máa dé agbedeméjì òkè, ó ti di òkúta. Ó ní ká má mú abọ́ rárá, inú ìkòkò ni ká ti máa jẹun. Ìkòkò tó dáa ni èyí tí sítóòfù kékeré àti agolo gáàsì bá lè wọ inú rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ là ń gbé gun òkè. Ìdérí rẹ̀, ká fi ṣe páànù ìdínyin. "Ìkòkò kan fún ẹni méjì," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ṣíbí jẹ́ méjì o, màmá, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀."

Ó gbé ìkòkò méjì síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ alumíníọ̀mù. Ìkejì jẹ́ irin kan tí wọ́n ń pè ní taitéńíọ̀mù, ó fẹ́lẹ́, ó sì fúyẹ́ jù. Ọkọ mi na ọwọ́ sí èyí tó fúyẹ́, Onírùngbọ̀n dá a dúró. "Ìyẹn, ojú kan ló ti máa ń gbóná, bàbá. Omi nìkan ló dáa fún. Tẹ́ ẹ bá fi dín ẹyin, ó máa jó mọ́ ọn lára."

"Alumíníọ̀mù la máa mú," ọkọ mi dáhùn kíákíá. "Ẹyin gbọ́dọ̀ wà."

Ó gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún, ó dijú, ó sọ bó ṣe wúwo tó. Onírùngbọ̀n gbé e sórí òṣùwọ̀n ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí, kò fi gíráàmù kan yẹ̀. Onírùngbọ̀n gbé ife méjì fún un, ó tún sọ iye wọn gẹ́lẹ́. Ó gbé sítóòfù fún un, kò ṣì í. "Háà! Ẹ wá máa bá mi ṣiṣẹ́, bàbá!" Èmi lejú o, mo ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀ ká máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n orí mi wú.

Bí wàhálà ilé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn ọkọ̀ òkúta wá ń wọn ṣíbí. Ó gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjèèjì dànù. Ó da iyọ̀ kúrò nínú ike, ó dì í sínú bébà. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ń fi ayùn gé ọwọ́ ṣíbí onígi mi, èyí tí mo ti ń lò látìgbà tí mo ti dé ilé yẹn.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ṣíbí mi?"

"Ìdajì rẹ̀ ò wúlò," ó ní.

"O ò kúkú gé ẹsẹ̀ rẹ kan sílé! Ìyẹn ló wúwo jù!" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà.

Ní gbogbo Sátidé, a máa ń gbé báàgì wa kọ́ ẹ̀yìn, a ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó tún gùn ún, kí ẹsẹ̀ wa lè le. Àwọn aládùúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé onílé ti lé yín jáde ni?" Ọkọ mi á juwọ́ sí wọn, á ní wọn ò tíì lé wa, àwa fúnra wa là ń lé ara wa.

Ní Sátidé kan, a ti ibẹ̀ dé, ó yọ ìkòkò kúrò nínú báàgì, ó gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún, ó dijú. Ó lajú, ó tún dijú. "Ìkòkò yìí ti wúwo sí i," ó ní.

"Ìkòkò ń sanra ni?"

"Mi ò ṣeré. Bóyá Onírùngbọ̀n ló pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá wa tún ìdérí rẹ̀ ṣe."

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí a rà á náà ló ṣì rí. Ọkọ mi tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. "Òṣùwọ̀n yìí ti bàjẹ́," ó ní.

Yéè! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. "Awakọ̀! Ẹ káàbọ̀, sà! Òṣùwọ̀n kì í parọ́. Ẹ̀yin lẹ di ẹrù jù!" Mo rò pé á bá mi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ó gbé ìkòkò alumíníọ̀mù padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gba èyí tó fẹ́lẹ́ náà. Mo ní, "Ẹyin wa ńkọ́?" Ó ní a lè se ẹyin nílé, tó bá yá, ká bó èèpo rẹ̀ lórí òkè. Inú rẹ̀ dùn sí ìkòkò tuntun náà fún ìgbà díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ní òun náà ti wúwo. Ife méjì di ọ̀kan, ó ní a ó máa pín in mu. Ṣíbí méjì di ọ̀kan. Ó pààrọ̀ sítóòfù sí èyí tó kéré bí àtàǹpàkò, tó jẹ́ pé ìṣáná la gbọ́dọ̀ fi tàn án. Nígbà tó yá, ó ní ìrẹsì náà ò pọn dandan, búrẹ́dì ti tó. Mo kàn ń wo oúnjẹ àárọ̀ mi tó ń dín kù. Mo yọ ọ́ lẹ́nu nípa rẹ̀ gan-an, mo ní tí a bá fi máa dé òkè, èémí ló máa fi bọ́ mi.

Nígbà tí ohun gbogbo ò tún ṣeé dín kù mọ́, ó gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná gan-an lọ bá Onírùngbọ̀n, kó lè jẹ́rìí pé ó ti bàjẹ́. Mo tẹ̀ lé e lọ kí n lè fi í ṣe ẹ̀sín. Onírùngbọ̀n gbé ìkòkò fẹ́lẹ́ náà sórí òṣùwọ̀n wa, ó gbé e sórí tirẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi, ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ òsì gbé e wò."

Ọkọ mi fi ọwọ́ òsì gbé e, ó dijú, ó sọ iye rẹ̀. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ló sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, ó sọ iye mìíràn tó jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Onírùngbọ̀n wò mí láti ẹ̀yìn ọkọ mi. Ìgbà yẹn ni mo rí ọwọ́ náà. Ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ti jìn wọlé, ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ṣíbí bù ú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí pé mo wá fi í ṣe ẹ̀sín ni.

Ní ọsibítù, dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ obìnrin, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kó fún ìka òun pọ̀. Ó ní kó fi ìka méjì di bébà mú, ó sì fa bébà náà yọ láìlo agbára kankan. Lẹ́yìn àyẹ̀wò lóríṣiríṣi, ó pè wá jókòó. Ó ní àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí ẹran ara ló ń kú. Ọwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, á dé ẹsẹ̀, á dé ọ̀nà ọ̀fun, á dé èémí. Ó ní kò tíì sí oògùn tó lè dá a padà.

"Ṣé mo lè gun òkè?" ọkọ mi bi í.

"Bàbá, ẹ má gbé ohun tó wúwo."

"Kò wúwo," ó ní. "Mo ti yọ gbogbo ohun tó wúwo kúrò níbẹ̀."

Mo bínú sí dókítà yẹn. Mo bínú sí òkè, mo bínú sí Ọlọ́run pẹ̀lú. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá bá mi jà, kí n lè rí ẹni gbá lójú.

Ó ní ká tètè lọ, kó tó burú sí i. Onírùngbọ̀n fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa dé ìdí òkè, ó ní òun máa dúró dè wá. Báàgì ọkọ mi kò ní ju ìkòkò, sítóòfù, ife, ṣíbí, tíì àti búrẹ́dì lọ nínú. A rìn kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sókè. Ní ìyànà àkọ́kọ́, okùn báàgì náà yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ gbé e padà, ọwọ́ kò gbé e. Ó gbìyànjú títí. Ó wá jókòó sórí òkúta kan.

"Gbé e fún mi," mo ní. "Kí ló wà níbẹ̀? Nǹkan tí bàtà rẹ kan wúwo jù lọ!"

"Rárá."

"Èmi á gbé méjèèjì, ìwọ máa rìn lọ. A ṣì máa débẹ̀."

"Bí ìwọ bá gbé e," ó ní, "kí la wá wá ṣe?"

"Ká gun òkè ni! Ṣé kì í ṣe òkè la wá gùn?"

"Òkè kọ́ ni mo wá gùn," ó ní.

Mo bú u. Mo pè é ní olórí kunkun, mo ní ìran wọn ni, mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ohùn mi ń padà bọ̀ wá bá mi láti ara òkè. Nígbà tí mo bú u tán, mo jókòó tì í, mo sunkún títí ikun fi bo ẹnu mi, òun ló sì wá ń wá ọ̀nà bí òun ṣe máa fi ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ yẹn nù ún. Onírùngbọ̀n rí wa tí a ń bọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wa láìbéèrè ohunkóhun.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí a rà fún òkè, inú yàrá la ti lò ó. Kò lè gbé ife tánganran ilé mọ́, ó ń gbé ife fẹ́lẹ́ yẹn. Ṣíbí ilé ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lo ṣíbí òkè. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo rò ó nínú ara mi pé, ó kéré tán, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun lónìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí wa, ó wò ó tó ń jẹun, ó yí ojú sí ògiri, kò sì bá mi jà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ dákẹ́. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé, ṣùgbọ́n fèrèsé wa kò kọjú sí òkè kankan. Ògiri aládùúgbò ló kọjú sí.

Ní àárọ̀ kan, mò ń nu ojú rẹ̀, ó ní, "Sítóòfù." Ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn, èmi nìkan ló kù tó ń yé. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Tíì rẹ."

Mo gbé tíréè lé e lórí itan, mo gbé sítóòfù sórí rẹ̀, mo bu omi díẹ̀ sínú ìkòkò fẹ́lẹ́ yẹn. Bí ilé bá fẹ́ jó, kó jó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ibi tí wọ́n ń yí láti tú gáàsì sílẹ̀. Kò yí. Mo na ọwọ́, ó mi orí pé kí n má fọwọ́ kàn án. Ó tún gbìyànjú, òógùn bò ó níwájú orí. Ó wá fi í sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí ṣíbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣíbí náà dúró sí i lọ́wọ́ díẹ̀, ó yọ̀, ó bọ́ sórí aṣọ ìbora. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dún.

"Wọ̀n ọ́n," ó ní.

Mo lọ gbé òṣùwọ̀n wá láti ilé ìdáná, mo fi ṣíbí náà lé e. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí a rà á náà ló rí. Ọkọ mi wò ó, kò gbé ojú kúrò.

"Òṣùwọ̀n yìí ti bàjẹ́," mo ní.

"Mo ní ó ti bàjẹ́! Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́, òótọ́ lo sọ. Irọ́ ló ń pa. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti gbé e jù síta!" Mò ń pariwo, bí ẹni pé ẹnì kan ń bá mi jiyàn.

Ó yí ojú sí mi. Apá kan ẹnu rẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Awakọ̀," ó ní.

Mo gbé tíréè kúrò lórí itan rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o. Mo tú gáàsì sílẹ̀, mo ṣá ìṣáná. Omi hó, mo dà á sínú ife kan ṣoṣo tó kù, mo wá jókòó tì í, mo na ẹsẹ̀ mi bó ṣe sọ pé màá ṣe, mo mu ún. Ó bi mí bóyá ó dùn.

"Ó dùn gan-an," mo ní. Omi gbígbóná lásán ni. Mo ti gbàgbé láti fi tíì sí i.